Wọ́n Ní Àwòrán Ò Rí Nǹkan Kan

Bí wọ́n bá ti ya àwòrán ọpọlọ tàbí ti ọrùn yín ní ọsibítù, tí wọ́n ní àwòrán náà mọ́, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ yín ṣì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ mi kí ẹnikẹ́ni tó gbé yín lọ síbì kankan. Èmi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi. Àìmọ̀ yẹn gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi pẹ̀lú. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Tíṣà ni mí. Ilé ìwé aládàáni kan ní Bódìjà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Agbowó là ń gbé, èmi, ọkọ mi tó ń ta ọ̀dà ní Dùgbẹ̀, àti Tómi, ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Òun ló ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí ọwọ́ mi ò lè tẹ nǹkan mọ́. Ó ti ń sọ fún mi báyìí pé kí n rọra, pé àwọn kan nínú ẹbí á bínú tí wọ́n bá kà á. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìdí aṣọ fífọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo fọ aṣọ, mo fún un, mo sá a. Ọkọ mi gba abẹ́ okùn kọjá, omi ń kán sí i lórí tó tó tó. Ó ní, "Ìyá Tómi, ṣé o ò fún aṣọ yìí ni, àbí o fẹ́ fi wẹ̀ fún mi?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi gbogbo agbára mi fún un, mo tiẹ̀ di eyín pọ̀, síbẹ̀ omi ń kán. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú pátákó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé eré ni, wọ́n á máa du ara wọn láti bá mi he é. Kọ́kọ́rọ́ ilé wá ń ṣòroó yí. Nígbà tí mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi dáadáa, mo rí i pé ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ti jó wọlé, ó ti di kòtò.

Kò dùn mí. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Ohun tó bá ń dunni là ń sáré sí. Ẹran apá mi kàn ń ta pìtìpìtì lábẹ́ awọ, pàápàá tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí kòkòrò bá há sábẹ́ aṣọ. Tíṣà kan níléèwé wa ní owó ló ń bọ̀ wá bá mi. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní àárẹ̀ ni, ó gún mi lábẹ́rẹ́ fítámì. Bàbá kan tó máa ń wọ́ èèyàn lára wá fi òrí wọ́ apá mi, ó ń fa àwọn ìka mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní iṣan ló lọ́ pọ̀. Kò sí iṣan kankan tó lọ́ pọ̀.

Màmá mi gbọ́, wọ́n sì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ wá láti Mọ́níyà. Opó ni wọ́n, gàrí ni wọ́n ń yan tà níbẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n mú aṣọ tó ṣì ń kán kúrò lórí okùn, wọ́n tún un fún. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ mi. Àwọn ló ń dáná, àwọn ló ń dì mí ní gèlè lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ṣíbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, àwọn ló ń fún mi jẹ. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ojú ń tì mí. Wọ́n ní, "La ẹnu jàre. Ta ló kọ́kọ́ fún ẹ jẹ láyé yìí?"

Ọsibítù ìjọba la gbà lọ. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn bẹ́ǹṣì ti kún fún bàtà, ike omi àti ìwé ìròyìn, nítorí ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan rọ́pò ara rẹ̀. Wọ́n wá káàdì mi tì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti yanṣẹ́ lódì. Dókítà tó wá rí mi níkẹyìn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn níbi tí èrò ti ń ti ara wọn. Kò ní kí n bọ́ bùláòsì. Kò wo apá mi tó ń ta pìtìpìtì. Ó bi mí bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó sì ní kí n lọ ya àwòrán ọrùn, nítorí ó lè jẹ́ pé egungun ọrùn ló ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ tiwọn bàjẹ́. A wá lọ sí ibi àyẹ̀wò aládàáni kan ní Ring Road. Ọkọ mi ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa kékeré kí n tó lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Ihò funfun kan ni. Wọ́n tì mí wọ inú rẹ̀, wọ́n ní kí n má mira, ariwo sì bẹ̀rẹ̀ bíi tàwọn tó ń kan páànù sórí ilé. Mo ń gbàdúrà níbẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n rí nǹkan, kí nǹkan náà lórúkọ, kí n lè mọ ohun tí mò ń bá jà.

Nígbà tí a gbé èsì padà, Àǹtí Rónkẹ́ tẹ̀ lé wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni wọ́n, Òjòó ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló rán ọkọ mi níléèwé, nítorí náà tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. Dókítà ọ̀hún gbé àwòrán sókè sí iná, ó wò ó, ó ka ìwé tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màdáámù, sikáànì yín kílíà. Ẹ̀jẹ̀ yín náà dáa. A ò rí nǹkan kan. Ẹ máa dúpẹ́."

Mo ní, "Kí ló wá ń ṣe ọwọ́ mi?"

"Ẹ máa lo fítámì yìí ná. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta." Ó ti ń pe ẹni tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ká ní ó sọ pé "a ò tíì rí i," dípò "a ò rí nǹkan kan," ìyá mi ì bá má fi ẹkún gba ọ̀nà Mọ́níyà. Kí ni ì bá ná an? Tómi ní kí n yọ ibí yìí kúrò nítorí àwọn dókítà ń gbìyànjú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbìyànjú. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́.

A ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò tí Àǹtí Rónkẹ́ fi dúró gbagidi sójú ọ̀nà. Wọ́n di ọkọ mi lápá mú. "Ṣé o gbọ́ ohun tí dókítà wí? Ẹ̀rọ òyìnbó wo inú ọrùn títí, kò rí nǹkan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí nǹkan. Ọwọ́ sì ń rọ. Kí ló wá kù? Èyí kì í ṣe àìsàn ọsibítù o, àbúrò mi. Iṣẹ́ ọwọ́ aráyé ni."

Ẹ̀yin tó ń kà á yìí, mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. A ti sọ ọ́ di ìdájọ́. Tí ẹ̀rọ bá rí nǹkan, a ó ní àìsàn ni. Tí ẹ̀rọ ò bá rí nǹkan, a ó ní aráyé ni. Kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí tiẹ̀ lè rí gbogbo nǹkan bí? Ọkọ mi, ẹni tó ka ìwé dé ibi tó dáa, mi orí síwá sẹ́yìn.

Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti ṣàmì fún mi, ṣùgbọ́n mi ò bá ìjọ aláṣọ funfun jà, àdúrà wọn ti ran àwọn tí mo mọ̀ lọ́wọ́. Ìyá àdúrà kan ní Òjòó, níbi tí Àǹtí Rónkẹ́ ń jọ́sìn, ni mò ń bínú sí. Ibẹ̀ ni Àǹtí Rónkẹ́ àti ọkọ mi mú mi lọ. Wọ́n fi àbẹ́là yí mi ká, ìyá àdúrà náà gbọ̀n, ó ní òun rí abọ́, òun sì rí ọwọ́ àgbà kan nínú abọ́ náà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Àǹtí Rónkẹ́ ló yíjú sí mi.

"Ta ló ń fún ẹ lóúnjẹ?"

Mo ní, "Àǹtí, ìyá mi ni."

"Ṣé ẹ gbọ́?" Wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n na ọwọ́ bíi lọ́yà. "Àbí ẹ ò gbọ́!"

Mo pariwo. Mo ní irọ́ ni, mo ní ìyá mi ò lè ṣe mí níkà, pé kí ìyá mi tó wá ni ọwọ́ ti ń rọ. Wọ́n ní ẹ̀mí tó wà lára mi ló ń bá wọn jiyàn. Kí lèèyàn máa wá sọ sí irú ìyẹn? Wọ́n ní kí n dúró sínú ilé àdúrà, kí n gba ààwẹ̀, kò sí omi, kò sí oúnjẹ, títí ilẹ̀ á fi ṣú, lójoojúmọ́. Ọkọ mi ní kí n ṣe é nítorí tòun. Mo ṣe é nítorí tirẹ̀. Mi ò lè so ìgbànú sùtánà tí wọ́n wọ̀ fún mi. Lójoojúmọ́ ni mò ń tínrín sí i, a sì ń pe ìtínrín yẹn ní ìwẹ̀mọ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹni tó bá ní irú àìsàn tèmi kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ara rẹ̀ fọn, pé ẹran ara tó bá lọ kì í padà mọ́. Wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run bọ́ ẹran lára mi.

Nígbà tí mo padà délé, Màmá mi ti lọ. Ọkọ mi ní wọ́n lọ sinmi ni. Tómi ló sọ òtítọ́ fún mi, nínú yàrá, pẹ̀lú ohùn kékeré. Ó ní Àǹtí Rónkẹ́ wá, wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sè kúrò lórí iná, wọ́n dà á sínú gọ́tà lójú àwọn ará ilé, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ gbé wá, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ti jẹ ọwọ́ tó, ẹ ò ní jẹ ẹsẹ̀." Ó ní Màmá mi ò jiyàn. Wọ́n fọ ìkòkò náà mọ́, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n sì lọ dúró de mọ́tò. Bàbá ẹ̀ ń kọ́? Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Tómi dáwọ́ títẹ̀ dúró níbi tí mo sọ̀rọ̀ dé yìí. Mo jẹ́ kó sunkún, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ padà.

Mo pe Màmá mi lórí fóònù, Tómi ló bá mi gbé e sétí. Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé lílọ mi ni ara rẹ á fi yá, mo ti lọ. Jẹ́ ká máa wò ó." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ìyá mi, tó mọ̀ pé òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀, fara mọ́ ọn kí n lè yá.

Ara ò yá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ pàà pàà bí mo bá ń rìn. Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé, ọ̀gá ilé ìwé sì ní kí n lọ sinmi ná. Mo ń sinmi náà títí dòní. Nígbà tí mo bi Àǹtí Rónkẹ́ pé Màmá mi ti lọ, kí ló tún ń jẹ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní ìyá náà ti jù ú sínú mi kó tó lọ ni. Ẹ rí i? Kò sí bí a ṣe lè jàre lọ́wọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń padà sí ọsibítù, pé bí kò bá tẹ̀ lé mi, èmi àti Tómi á lọ. Ó tẹ̀ lé mi. Lọ́jọ́ yẹn, dókítà mìíràn ló jókòó, ìyá àgbà kan tó ti ń hewú, wọ́n wọ bàtà pẹlẹbẹ. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ òkè. Wọn ò fọwọ́ kàn mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo apá àti ẹ̀yìn mi bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Lẹ́yìn náà wọ́n fi òòlù kékeré gbá orúnkún mi, wọ́n ní kí n yọ ahọ́n, wọ́n tan iná sí i. Mo rí i pé ojú wọn yí padà díẹ̀.

Ọkọ mi gbé àwòrán jáde. "Màmá, a ti ya sikáànì. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan."

"Ta ló ní kò sí nǹkan kan?" Wọ́n wò ó, wọ́n gbé e kalẹ̀. "Àwòrán yìí ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún wa pé egungun ò tẹ ohunkóhun mọ́lẹ̀, pé kókó ò sí lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ náà sọ tiẹ̀. Bí a ṣe ń mọ irú àìsàn tí mò ń rò yìí nìyẹn. A ó máa lé àwọn tó jọ ọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti lé méjì jáde, ẹ wá lọ sílé."

Ọkọ mi ní, "Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá wà níbẹ̀, ṣé àwòrán ò ní rí i ni?"

Wọ́n nàka sí òpó iná tó wà lójú fèrèsé. "Ẹ wo wáyà yẹn. Ẹ bá mi fi fóònù yín yà á. Ṣé fọ́tò yẹn á sọ fún mi bóyá iná wà nínú rẹ̀?"

Ọkọ mi ń wo òpó iná náà.

"Wáyà ló ń so ọpọlọ mọ́ ẹran ara. Ọpọlọ ìyàwó yín pé. Ẹran ara rẹ̀ náà fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ wáyà wò."

Ibi àyẹ̀wò kan ní Challenge la ti ṣe é. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, kì í ṣe ohun tó dùn. Wọ́n kọ́kọ́ fi iná kéékèèké ta mí lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, àwọn ìka mi ń fò fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sínú ẹran apá mi, sínú itan, wọ́n tiẹ̀ fi sí ẹ̀yìn mi, abẹ́rẹ́ náà sì so mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe é ní kí n dẹra, kí n má ṣe nǹkan kan. Mo dẹra. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Mo ní, "Ṣé bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn?"

Ó ní, "Ẹran ara tó bá ń sinmi yẹ kó dákẹ́ ni, Mà." Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́.

Níbi tí wọ́n ti ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí, ojú ẹsẹ̀ kan náà ni mo dá àwòrán ti Ring Road láre. Kò purọ́ rí. Àwa la fi èdè tí kò sọ sí i lẹ́nu.

Dókítà àgbà wa ló sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Mótò niúrọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é, àwọn wáyà tí ọpọlọ fi ń rán ẹran ara níṣẹ́ ló ń kú. Wọn ò mọ ohun tó ń fà á lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọn ò rí oògùn tó ń wò ó sàn. Èyí tó wà, díẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n di ọwọ́ mi tó ti kú mú. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé... ṣé oúnjẹ lè fà á? Tí ẹnì kan bá fi nǹkan sínú oúnjẹ?"

"Oúnjẹ kẹ̀? Oúnjẹ ló ń gbé e ró. Ìwọ̀n rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ yìí ló ń dẹ́rù bà mí. Ta ni kò jẹ́ kó jẹun?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé àìsàn tí mo ní kò gbóògùn ni, ohun tó sì kún inú mi ni pé ìyá mi ò jẹ̀bi, pé obìnrin tó kàwé ju gbogbo wa lọ ti sọ ọ́ sétí ọkọ mi. Ìgbà tí mo délé ni mo tó sunkún fún ara mi.

Ọkọ mi lọ sí Mọ́níyà lọ́jọ́ kejì. Màmá mi wà nídìí agbada gàrí pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú níwájú gbogbo wọn, ó sì sọ ohun tó dọ̀bálẹ̀ fún, kò bo ọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo fi dárí jì í, tí mo bá ti dárí jì í tán. Màmá mi ní, "Ẹ dìde, ẹ̀wù yín ń dọ̀tí." Wọ́n yan gàrí ọjọ́ náà tán kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.

Àǹtí Rónkẹ́ ò lọ sí Mọ́níyà. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé mi ò fẹ́ owó, mi ò fẹ́ ẹ̀bùn, kí wọ́n wá sójú àwọn ará ilé tí wọ́n da ọbẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n sọ níbẹ̀ pé àwọn ṣì í ṣe. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ìfẹ́ àbúrò àwọn ló jẹ́ káwọn ṣe é, pé ká fi gbogbo rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn àgbà ẹbí ọkọ mi náà ní ọ̀rọ̀ ti tán, pé ahọ́n àti eyín ń jà. Wọ́n ń sọ ahọ́n àti eyín fún mi. Kò tíì tán. Mo sọ ọ́ níbí kí wọ́n lè kà á.

Bí mo ṣe wà nìyí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú pátápátá, ti òsì ń tẹ̀ lé e. Mo ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé, ẹnì kan á sì wà lẹ́yìn mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ahọ́n mi máa ń wúwo, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ni èmi àti Tómi ń ṣe ọ̀rọ̀ yìí, díẹ̀díẹ̀. Mò ń lo oògùn náà nígbà tí a bá rí i rà. Mò ń jẹun dáadáa, ìwọ̀n mi ò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ yẹn fún, ẹ má rò pé ayé ti parí lọ́jọ́ náà, mo ti rẹ́rìn-ín ju bí mo ṣe rò lọ láti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin tí wọn ò tíì sọ ọ́ fún, tí wọ́n ní àwòrán yín mọ́, ẹ má dìde lórí àga dókítà. Ẹ bi í léèrè pé kí ni àwòrán yìí ti lé jáde, kí ló kù tí a ò tíì yẹ̀ wò. Bí ó bá bínú, kó bínú. Ẹ sọ fún un pé obìnrin kan ní Agbowó ló rán yín.

Màmá mi ló tún ń fún mi jẹ báyìí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí padà. Wọ́n á gbé abọ́ wá sí pálọ̀, wọn kì í fún mi jẹ nínú yàrá mọ́. Wọ́n á dúró kí ọkọ mi jókòó, tàbí Tómi, tàbí àlejò yòówù tó bá wà nílé. Wọ́n á bu ṣíbí àkọ́kọ́, wọ́n á fi sẹ́nu ara wọn, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á sì la ẹnu kí ẹni tó wà níbẹ̀ rí i pé ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bu tèmi. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n ṣe é. Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti bínú, mo ti ní mi ò ní jẹun. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n máa ṣe é, ọmọ mi. Kò ni mí lára."

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Àǹtí Rónkẹ́ wá kí mi, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n gbé èso wá. Àkókò oúnjẹ ni. Màmá mi kí wọn dáadáa, wọ́n gbé ọ̀gì àti mọ́ínmọ́ín mi wá sí pálọ̀, wọ́n fọ́ mọ́ínmọ́ín sínú ọ̀gì bó ṣe máa ń rọ̀ mí lọ́rùn láti gbé mì, wọ́n bu ṣíbí àkọ́kọ́, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì la ẹnu sí Àǹtí Rónkẹ́. Àǹtí Rónkẹ́ yíjú kúrò. Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò síná.

Ahọ́n mi wúwo, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ kó yé wọn.

Mo ní, "Àǹtí, ìyá mi ò tíì pa ẹnu wọn dé. Ẹ wò ó."